Ọta Kan Nínú Ìbọn Olinka

"Ẹ̀yìn ni kí ẹ tì í sí, kì í ṣe iwájú!"

Wassilie gba àpò ẹran, ó tì í wọ inú ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ kékeré. Olinka, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, àti Evon, ìbátan wọn, ń gbé ẹrù bọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ etí odò. Ìdajì ẹran ti lọ ní àárọ̀. Èyí ni ìrìn tó kẹ́yìn.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Olinka. Lánàá ni ó pa ìgalà ńlá ilẹ̀ òtútù, tí ó ga ju ẹṣin lọ. Àkọ́pa rẹ̀ ni. Ní abúlé wọn ní Àlásíkà, ọdẹ kì í jẹ nínú àkọ́pa rẹ̀. Àwọn àgbà ló ni ín. Màmá Nastasia, tí kò léyín mọ́, ti ń retí ọbẹ̀ imú ìgalà láti ìgbà tí yìnyín odò ti yọ́.

"Ṣé ìbọn ṣófo?" ni Wassilie bèèrè.

"Ó ṣófo, Bàámi."

Ẹnu Olinka ló sọ bẹ́ẹ̀. Ní ìdájí, béárì kan yí àgọ́ wọn ká, Olinka sì ki ọta bọ ìbọn. Ṣé ó yọ ọ́? Kò rántí. Ìbọn náà ti wà lábẹ́ àpò mẹ́jọ.

Ó fà mọ́ Evon létí. "N kò rò pé mo yọ ọta yẹn."

"Pa ẹnu ẹ mọ́, jàre! Wo ojú ọ̀run. Tá a bá tú ẹrù yìí, ibí la máa sùn. Ṣé béárì lo fẹ́ fi ṣe ìrọ̀rí?"

Evon ti so ìwo ìgalà mọ́ abẹ́ apá ọkọ̀. Ó ti sọ fún gbogbo kíláàsì pé kí wọ́n máa retí fọ́tò.

Wọ́n wọlé. Ẹ́ńjìnnì bú. Olinka wo ẹ̀yìn Wassilie, níbi tí ìyá Olinka ti fi aṣọ pupa lẹ ẹ̀wù rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ẹnu ìbọn kọjú sí.

"Bàámi, ẹ pa ẹ́ńjìnnì! N kò yẹ ìbọn náà wò!"

Ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Wassilie bọ́ sílẹ̀. Wọ́n tú àpò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ó ṣí ìbọn, ọta kan sì já bọ́ sórí òkúta. Ó mú un, ó fi í sápò.

"O purọ́ fún mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàámi. Ẹ forí jì mí."

"Ìbọn kò mọ ìbátan."

Nígbà tí wọ́n fi di ẹrù tán, afẹ́fẹ́ ti yí padà, kò sì ní lè ran ọkọ̀ lọ́wọ́ láti gbéra mọ́. Ilẹ̀ tí ọkọ̀ yóò sá lé kò gùn.

"A ti wúwo jù," ni Wassilie wí. "Àpò kan ni yóò sọ̀, tàbí ìwo."

"Àpò ni!" ni Evon ké. "Ẹ ṣáà lè padà wá gbé e lọ́la."

"Béárì kò ní dúró dọ̀la. Olinka, ìwọ lo pa ìgalà yìí, ìwọ ni kó o yàn."

Olinka bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn ìwo.

"O ò gbọ́n rárá!" ni Evon wí.

"A kì í se ìwo lọ́bẹ̀."

Wọ́n dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Olinka gbé ẹran láti ilé dé ilé. Màmá Nastasia fọwọ́ tẹ imú ìgalà náà, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìwo rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà létí odò, Màmá. Irọ́ mi ló fi í síbẹ̀."

Ó ro ìtàn náà fún un látòkè délẹ̀. Arúgbó náà rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.

"Ọmọ mi, irọ́ tí a bá tètè jẹ́wọ́, ìwo ni yóò gbà lọ́wọ́ ẹni. Èyí tí a bá fi pamọ́, èèyàn ni yóò gbà. Ó yá, gbé ìkòkò yẹn kaná. O ò ní tọ́ ọ wò o!"

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí wọ́n tó gbéra lọ sóko ọdẹ, Wassilie gbé ìbọn tirẹ̀ lé Olinka lọ́wọ́.

"Bá mi yẹ̀ ẹ́ wò."

Omi ti gbé ìwo lọ nígbà náà. Ọta tí Wassilie fi sápò lọ́jọ́ yẹn ti wà nínú ife kan, lórí pẹpẹ nílé rẹ̀.