Ta Ló Dí Oòrùn Lọ́nà?

Ilẹ̀ mọ́. Elétí kò tíì lajú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti jí.

Elétí kọ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ bá já bọ́ ní yàrá kejì, yóò gbọ́. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi ń pè é ní Elétí.

Ó tẹ́tí sílẹ̀.

Kẹrẹ-kẹrẹ-kẹrẹ. Màmá nìyẹn. Aránṣọ ni Màmá. Ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ kẹ̀kẹ́ ìránṣọ rẹ̀.

Pàṣà, pàṣà, pàṣà. Ìyá Àgbà nìyẹn. Sálúbàtà rẹ̀ tóbi ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun pààrọ̀ rẹ̀.

Bulú, bulú, bulú. Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ nìyẹn.

Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ni ẹja Elétí. Ó pupa. Ìrù rẹ̀ gùn gbọ̀ọ̀rọ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó kó oúnjẹ sẹ́nu tí kò fẹ́ ká mọ̀. Inú àpótí gíláàsì ló ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú omi rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi. Bulú, bulú, bulú. Atẹ́gùn yẹn ni Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ń mí.

Ta ló ń fún ẹ̀rọ náà lágbára? Sólà ni.

Òrùlé ilé wọn tẹ́ pẹrẹsẹ. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń sá aṣọ sí. Ibẹ̀ náà ni Sólà wà. Ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ó dúdú, ó sì ń dán.

Kí Sólà tó dé, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń lò. Gbà-gbà-gbà-gbà-gbà! Ariwo níwájú, èéfín lẹ́yìn. Elétí a fi ọwọ́ di etí méjèèjì. Ta ló fẹ́ gbọ́ ohùn ẹja níbẹ̀?

Sólà kì í pariwo. Kì í tu èéfín. Kì í rán ẹnikẹ́ni lọ ra epo. Ó kàn ń pọn oòrùn bí ẹni ń pọn omi. Bátìrì ni ìkòkò rẹ̀. Sólà ń pọn, bátìrì ń gbà, ilé ń lò.

Láràárọ̀, Elétí a gbójú sókè, a kí i. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Sólà."

"Ṣé Sólà ni ò ń kí bí àgbà báyìí?" Màmá béèrè.

"Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò ráhùn, àgbà ni," Elétí dáhùn.

Ṣùgbọ́n lánàá, òjò rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Ìkùukùu ṣáá ló wà lójú ọ̀run. Sólà kò rí oòrùn pọn. Ilé ń lò, ilé ń lò, títí ìkòkò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.

Lónìí, oòrùn ti yọ. Inú gbogbo ilé dùn. Ìyá Àgbà ti tètè jí fọ aṣọ, ó ti lọ sá wọn. Màmá ti ki áyọ́ọ̀nù bọ iná, nítorí oníbàárà kan ń bọ̀ wá gba aṣọ rẹ̀.

Elétí ń fọ ẹnu. Lójijì, ó dúró.

Bulú... bulú...... bu.

Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ pa kẹ́kẹ́.

Elétí sáré lọ síbi àpótí. Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ti wá sókè omi. Ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé. Pà. Pà. Pà.

"Màmá, Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ò lè mí dáadáa." Elétí ké sí i. Ẹ̀rù bà á gan-an, nítorí ó fẹ́ràn ẹja yẹn.

Màmá wo àpótí. Ó wo áyọ́ọ̀nù. Kíá, ó fà á yọ. "Áyọ́ọ̀nù yìí ló ń gbé gbogbo iná mì," ó ní. "Aṣọ lè rún. Ẹja ò gbọdọ̀ kú."

Ìyá Àgbà pa fáànù. "Mo ṣì lọ́wọ́. Màá fẹ́ ara mi."

Elétí pa gílóòbù. "Ilẹ̀ ti mọ́. Kí ni gílóòbù tún ń wá?"

Bulú...... bulú......

Ó ń dún, ṣùgbọ́n kò dún tó. Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ kò kúrò lókè omi. Pà. Pà.

Ìyá Àgbà mú ife. Ó bu omi nínú àpótí, ó gbé e sókè, ó dà á padà. Ṣọ̀ọ̀! Ó tún bù ú, ó tún dà á. Ṣọ̀ọ̀!

"Omi tó bá ti òkè bọ̀ máa ń gbé atẹ́gùn dání," Ìyá Àgbà wí.

Ṣọ̀ọ̀, ṣọ̀ọ̀, ṣọ̀ọ̀. Omi ń hó. Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ rọra sọ̀kalẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Ìyá Àgbà," Elétí wí.

"Má tíì dúpẹ́, ọmọ mi. Ọwọ́ àgbà lèyí, kì í ṣe ẹ̀rọ. Kò ní pẹ́ rẹ̀ mí. Ẹ lọ wo ohun tó ń ṣe Sólà."

Gọ́, gọ́, gọ́. Màmá àti Elétí gun àtẹ̀gùn lọ sórí òrùlé.

Sólà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dọ̀tí. Ewé tútù lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹyẹ kan sì ti yàgbẹ́ sí i láàárín gbùngbùn.

"Ẹyẹ yìí ò nítìjú," Elétí wí.

Màmá da omi. Elétí fi àkísà rírọ̀ nù ún. Ṣìì, ṣìì, ṣìì. Ojú Sólà mọ́, ó ń dán.

"Ìyá Àgbà, ṣé ẹ̀rọ ti ń dún dáadáa?" Elétí ké sísàlẹ̀.

"Ó sàn díẹ̀," Ìyá Àgbà dáhùn. "Ṣùgbọ́n apá ti ń ro mí."

Díẹ̀ kẹ̀? Oòrùn ń ta wọ́n lórí. Sólà ti wẹ̀. Ta ló wá dí oòrùn lọ́nà?

Elétí ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ó di ojú, ó tẹ́tí.

Ó gbọ́ afẹ́fẹ́. Fẹ́ẹ́, fẹ́ẹ́.

Ó gbọ́ ẹyẹ. Ṣíọ̀, ṣíọ̀. Bóyá èyí tí kò nítìjú yẹn ni.

Ó gbọ́ ife Ìyá Àgbà. Ṣọ̀ọ̀...... ṣọ̀ọ̀...... Ó ti ń falẹ̀.

Kò gbọ́ nǹkan mìíràn.

Elétí bá la ojú. Ó wo Sólà. Ó wò ó dáadáa.

Nǹkan dúdú kan wà ní igun Sólà. Ó lọ. Ó bọ̀. Ó tún lọ. Kò dún rárá.

Òjìji ni. Òjìji kì í pariwo. Etí tó mú jù láyé kò lè gbọ́ ọ. Ojú ló ń rí i.

"Màmá, ẹ wo òjìji níbí. Àmọ́ igun kan péré ló bò."

"Igun kan ti tó o," Màmá wí. "Àwọn gíláàsì kéékèèké inú Sólà di ọwọ́ ara wọn mú ni. Bí òjìji bá bo ọ̀kan, ó ń fa àwọn tó kù sẹ́yìn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà."

Elétí tẹ̀lé òjìji náà. Ó tẹ̀lé e títí ó fi dé ìdí okùn kan. Okùn ìsáṣọ tuntun tí Ìyá Àgbà ta láàárọ̀ ni. Aṣọ ọjọ́ òjò ti pọ̀ ju okùn àtijọ́ lọ.

Aṣọ kan wà lórí okùn náà. Ó fẹ̀. Ó nípọn. Òdòdó ńláńlá wà lára rẹ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀.

Aṣọ ìbora Ìyá Àgbà ni.

Màmá fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín fẹ́ pa á. "Ta ló máa sọ fún wọn?"

Elétí ronú díẹ̀. A kì í sọ fún àgbà pé ó ṣe àṣìṣe bẹ́ẹ̀ yẹn. Ó yọ orí sísàlẹ̀.

"Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Kí ló dé?"

"Aṣọ ìbora yín dára gan-an. Sólà rí i, ó fi bora, oorun sì ti gbé e lọ."

Ife dúró. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbọ́ ẹ̀rín Ìyá Àgbà láti ìsàlẹ̀ wá.

"Èmi náà kọ́ rèé? Mò ń fi ife gba ẹja là nísàlẹ̀, aṣọ mi ń gba oòrùn rẹ̀ lókè. Ẹ bá mi gbé e kúrò kíá."

Màmá di ẹ̀gbẹ́ kan mú. Elétí di èkejì. Wọ́n fà á, yòò! Òjìji kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Gbogbo ara Sólà rí oòrùn.

Elétí tẹ́tí.

Bulú.

Bulú, bulú.

Bulú-bulú-bulú-bulú-bulú!

Elétí sáré sọ̀kalẹ̀. Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ti lọ sísàlẹ̀ omi. Ó ń lúwẹ̀ẹ́, ó ń fi ìrù gbá gíláàsì. Inú Elétí dùn débi pé omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó jókòó ti Ìyá Àgbà, ó bá a wọ́ apá.

Nígbà tó di ọ̀sán, oòrùn wà ní àtàrí. Bátìrì ti ń kún. Màmá tún ki áyọ́ọ̀nù bọ iná. Aṣọ oníbàárà gún régé, Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ sì ń mí.

"Láti òní lọ, ọ̀sán ni áyọ́ọ̀nù yóò máa jẹun," Màmá wí. "Ìgbà yẹn ni oúnjẹ pọ̀."

Ìyá Àgbà tú okùn tuntun. Ó lọ ta á sí ẹ̀yìn Sólà, níbi tí òjìji rẹ̀ kò ti lè dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Elétí fi ife kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àpótí. "Ti ọjọ́ òjò nìyí," ó ní.

"Sólà mà dára o," Ìyá Àgbà wí.

"Ó dára," Màmá dáhùn. "Ṣùgbọ́n kò lè nu ojú ara rẹ̀, kò sì lè lé òjò lọ. Ìyẹn kù sọ́wọ́ wa."

Òjò tún rọ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Wàà, wàà, wàà. Áyọ́ọ̀nù sùn. Fáànù sùn. Gílóòbù náà sùn. Ìwọ̀nba tó wà nínú ìkòkò, Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún. Ife kò tilẹ̀ kúrò níbi tó kọ́ sí.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́. Oòrùn yọ.

Etí Elétí jí. Ojú rẹ̀ náà jí. Ó mú àkísà rírọ̀, ó gun àtẹ̀gùn. Gọ́, gọ́, gọ́. Ó wo igun Sólà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ewé. Kò sí òjìji. Ó nu ibi tí ẹyẹ yẹn tún ti ṣe tirẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Sólà."

Sólà kò sọ̀rọ̀. Sólà kì í pariwo.

Ṣùgbọ́n Elétí tẹ́tí, ó sì gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ilé.

Bulú, bulú, bulú.