Ìlà Pupa Lórí Ìwé Kí-nìdí

"Àǹtí, kí nìdí tí ẹ fi fa ìlà sí i?"

Kí-nìdí ló ń bi mí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ó wà ní kíláàsì kẹrin, eyín iwájú rẹ̀ kan sì ti yọ. Kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Gbogbo ilé-ìwé ló ń pè é bẹ́ẹ̀, torí tí o bá ní kó jókòó, á kọ́kọ́ bi ọ́ ní ìdí rẹ̀ ná. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan, ó gbé ìwé rẹ̀ wá síwájú mi, ó fi ìka lé ibi tí mo ti fi bírò pupa fa ìlà gbọọrọ kọjá.

Ohun tó kọ síbẹ̀ nìyí: "Ògiri ẹ̀yìn kíláàsì wa ti là. Ìka mi méjì ń wọ inú rẹ̀. Tí òjò bá rọ̀, ó máa ń mì. Bíríkìlà ni bàbá mi. Wọ́n ní kí n má jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tó bá là bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń jókòó níwájú."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé girama nígbà náà, mo sì ń wá àyè sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Wọn kì í gba èèyàn síbẹ̀ láìsí lẹ́tà láti ọwọ́ ọ̀gá ilé-ìwé tó ti rí iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin nìyẹn, tí mo ń kọ́ wọn ní àròkọ kíkọ lọ́sọ̀ọ̀sán, lọ́fẹ̀ẹ́. Mo sì mọ̀ ọ́n kọ́ o, ẹ má fojú di mí. Mo kọ́ wọn pé àròkọ ní orí, ó ní ara, ó ní ìrù. Èmi náà ni mo kó wọn jáde sí àgbàlá, tí mo ní kí kálukú wo nǹkan kan dáadáa, kó padà wọlé wá kọ ohun tó fojú ara rẹ̀ rí. Ẹ ò rí i bí? Ohun tí mo ní kí Kí-nìdí ṣe gan-an ló ṣe.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn, ọ̀gá ilé-ìwé pè mí sí ọ́fíìsì wọn. Obìnrin tó ga ni wọ́n, wọ́n kì í yé nu tábìlì wọn, àfi bí ẹni pé eruku ń bá wọn jà.

"Àwọn àlejò láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì," wọ́n ní. "Mo fẹ́ àròkọ mẹ́wàá tó dán mọ́rán, tí a máa lẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. 'Ilé-Ìwé Mi' ni kó jẹ́ àkọlé rẹ̀. Ohun tó dára nìkan o, ọmọ mi. Mi ò fẹ́ ìtìjú."

"Mo gbọ́, mà."

"Mo ti kọ lẹ́tà rẹ. Ó ku kí n fọwọ́ sí i."

Torí náà, nígbà tí Kí-nìdí dúró síwájú mi, lẹ́tà ló wà lọ́kàn mi. Mi ò tiẹ̀ ro ti ògiri.

"Àròkọ tó dára kì í sọ irú nǹkan báyìí," mo dá a lóhùn. "Kọ ọ́ pé ògiri wa funfun, ó sì lẹ́wà."

"Ṣùgbọ́n ó là, Àǹtí. Ẹ wá wò ó."

Ibi tí mo jókòó sí ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́jọ lọ sí ara ògiri náà. Mi ò dìde.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ fi ìbéèrè pa mí ni? Ta ni olùkọ́ láàárín àwa méjèèjì?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ó dáa. Ohun tí mo bá ti fa ìlà sí, kò sí mọ́. Lọ tún un kọ."

Ó wo ìwé rẹ̀, ó wo ògiri, ó tún wò mí. Lẹ́yìn náà ló lọ jókòó, ó sì kọ ọ́ bí mo ṣe wí, ó kọ ọ́ roboto-roboto. Mo fún un ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Inú mi ń dùn, òmùgọ̀ èmi.

Lọ́jọ́bọ̀, òjò rọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ilẹ̀ ṣì tutù, àwọn àlejò ò sì tíì dé. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ jókòó jẹ́ẹ́ ní kíláàsì. Mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń lẹ àròkọ mọ́ pátákó. Ti Kí-nìdí ló wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo gbọ́ ìró kan tó wúwo, tí ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Eruku gba ojú fèrèsé yọ. Lẹ́yìn náà ni igbe ta.

Yéè! Mi ò mọ bí mo ṣe dénú kíláàsì. Àwọn ọmọ ń sá jáde, eruku ti sọ ojú gbogbo wọn di funfun. Nínú àwọn mẹ́ta tó jókòó sẹ́yìn pátápátá, méjì ti fò kúrò. Búlọ́ọ̀kù ògiri tó wó bo ẹnì kẹta. Mo ń fọwọ́ lásán hú u títí èékánná mi fi ya. Bàtà ni mo kọ́kọ́ rí, kí n tó rí ojú. Kí-nìdí ni. Kí ló gbé e débẹ̀? Iwájú ló máa ń jókòó sí!

Àwọn dókítà gé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ láti orúnkún.

Lọ́jọ́ kẹta ni mo tó lè lọ wò ó. Bàbá rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, sìmẹ́ńtì ṣì wà ní kọ́ọ̀rọ̀ èékánná wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Kí-nìdí la ojú.

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí."

Omi ń bọ́ lójú mi. "Kí ló dé tí o lọ jókòó sẹ́yìn? Ṣebí o mọ̀ pé ó là?"

"Ẹ ti fa ìlà sí i," ó ní. "Ẹ ní ohun tí ẹ bá ti fa ìlà sí, kò sí mọ́. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ mọ̀ jù. Ni mo bá padà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rẹ́ mi."

Kò bínú sí mi. Bí ẹni ń ka iṣẹ́ àmúrelé ló ṣe sọ ọ́.

Bàbá rẹ̀ gbójú sókè. "Ta ló fa ìlà?"

"Èmi ni, sà."

Wọn ò pariwo. "Ọmọ yìí ti sọ ti ògiri yẹn fún mi. Mo fẹ́ wá bá yín nílé-ìwé, ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, pé òun ti kọ ọ́ sínú ìwé fún àǹtí òun. Mo ní ó tó. Mo ní ẹni tó bá kà á á ṣe nǹkan sí i."

Ilẹ̀ ì bá lanu gbé mi mì lọ́jọ́ náà, ì bá ṣe mí lóore.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ọ̀gá ilé-ìwé tún pè mí. Tábìlì yẹn ni wọ́n ṣì ń nù. "Àwọn ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ọ̀rọ̀ ògiri náà ń bọ̀ lọ́la," wọ́n ní. "Wọ́n máa bi wá bóyá ẹnikẹ́ni rí àmì kankan kó tó wó. Òjò ló wó o, àbí? Lọ kó ìwé àwọn ọmọ yẹn wá, kí n sun wọ́n." Wọ́n ti lẹ́tà mi síwájú mi. Wọ́n ti fọwọ́ sí i.

Mo mú lẹ́tà náà, mo sì lọ kó àwọn ìwé náà, ṣùgbọ́n ilé ni mo kó gbogbo rẹ̀ gbà lọ. Télọ̀ ni màmá mi, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo bá wọn. Mo rò ó fún wọn láti orí dé ìdí. Láti ọjọ́ tí mo ti jáde girama ni wọ́n ti ń gbàdúrà lórí lẹ́tà yẹn. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Ọmọ mi, ṣé bébà yìí lè dá ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ padà?"

"Rárá, màámi."

"Kí wá lo fẹ́ fi ṣe?"

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ìwé Kí-nìdí síwájú àwọn ìgbìmọ̀, mo ṣí i sí ojú ìwé náà. Alága wọn kà á sókè. Nígbà tó dé ibi ìlà pupa, ó béèrè ẹni tó fà á. Mo dìde, mo ní èmi ni, mo sì sọ ìdí tí mo fi fà á.

Ọ̀gá ilé-ìwé pàdánù ipò wọn. Mo dá lẹ́tà wọn padà, kọ́lẹ́ẹ̀jì ò sì gbà mí lọ́dún yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò gbà mí lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Wọ́n wó kíláàsì náà palẹ̀, wọ́n tún un kọ́. Kí-nìdí padà wá lórí igi méjì lábẹ́ abíyá. Ó ń kàwé, ó ń gba máàkì, ó sì dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ ò pè é ní Kí-nìdí mọ́, torí kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan mọ́. Nínú gbogbo ohun tí mo bà jẹ́, ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Mo ti di olùkọ́ báyìí. Àròkọ náà ni mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Tí ọmọ kan bá kọ ọ́ pé ògiri là, mo máa ń kọ́kọ́ lọ wo ògiri kí n tó mú bírò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ má pa òótọ́ rẹ́ torí kí ọ̀nà tiyín lè là. Bí ọmọdé bá sì sọ ohun tó rí fún yín, ẹ dìde, ẹ lọ wò ó. Ìṣísẹ̀ mẹ́jọ péré ni tèmi, mi ò sì rìn ín.