Kọ̀ǹpútà Tó Ń Gbọ́ Ti Àsánì Nìkan

Fúnkẹ́ tẹ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà, kò dún. Ó tún un tẹ̀. Fáànù inú rẹ̀ yí díẹ̀, ó sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ àgbà nínú ìjọ aláṣọ funfun kan ní Okokomaiko, pòṣé. Iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí wọ́n ń bá wọn tẹ̀ ni tìyátọmọ fi ń jẹun láti ìgbà tí bàbá Fúnkẹ́ ti kú.

Kì í ṣe pé wọ́n ra kọ̀ǹpútà yìí lódindi o. Ní ọdún 1997, èèyàn mélòó ló lówó irú ẹ̀? Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ra ẹ̀yà ara rẹ̀, tòkunbọ̀ ni gbogbo rẹ̀, ní ọjà Àlàbá. Fúnkẹ́ ló fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó lọ́jọ́ kan tí ìyá kò sí nílé. Àsánì, ọmọ onílé wọn tó ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Àlàbá, jókòó tì í, ó ń sọ ohun tó kàn fún un. Ọmọbìnrin náà gbọ́n, ìkánjú rẹ̀ nìkan ló pọ̀ jù.

Ohun tó ń ya ìyá lẹ́nu ni pé bí wọ́n bá ti gbé kọ̀ǹpútà náà dé ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá Àsánì, títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ni, ó ti tàn. Wọn kì í tilẹ̀ tú u. Kí ni wọ́n fẹ́ tú lára ohun tó ń ṣiṣẹ́? Ṣùgbọ́n bó bá padà délé, ó lè ṣe dáadáa lónìí, kó kọ̀ lọ́la. Látìgbà tí wọ́n ti tò ó ni kẹ́ẹ̀gì omi àdúrà ti ń jókòó lórí rẹ̀ kí ọ̀tá má baà fọwọ́ kàn án. Àwọn ará àdúgbò a máa bu omi náà mu. Bí kọ̀ǹpútà bá sì ti kọ̀, ìyá a gbàdúrà, a tún pọn omi kún kẹ́ẹ̀gì dẹ́nu.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ọ̀rọ̀ sú ìyá.

Ó ní, “Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọmọ onílé yìí ló ṣe nǹkan sí i, kí a lè máa wá a kiri. Àbí òun kọ́ ló tò ó?”

Fúnkẹ́ rántí ohun tó ṣe. Lọ́jọ́ tó to kọ̀ǹpútà náà, ẹsẹ̀ idẹ kékeré kan kù tí kò sí, nínú àwọn tó máa ń gbé bọ́ọ̀dù, pátákó tí wọ́n to àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ sí, sókè kó má baà kan irin àpótí rẹ̀. Àsánì ní kó dúró, òun máa mú òmíràn wá láti Àlàbá, ó sì lọ kírun. Kó tó dé, Fúnkẹ́ ti dé ìdérí pa, ó ní òun ti rí ẹsẹ̀ náà, ó ti pé. Ó rò ó pé bí òun bá jẹ́wọ́ báyìí, ìyá á bínú.

“Òun ló tò ó, Màámi.”

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó! Ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Àsánì fẹ́ gba fírídọ̀mù, ìyẹn ìyọ̀ǹda pé ó ti parí ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ kì í sì í fún ọmọṣẹ́ tí oníbàárà bá fẹ̀sùn kàn ní fírídọ̀mù, bó ti wù kó pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá ní òun ń lọ bá ọ̀gá náà láàárọ̀ Jímọ́.

Láàárọ̀ Jímọ́, ìyá pín omi kẹ́ẹ̀gì fún àwọn ará ìjọ títí ó fi gbẹ, ó wé gèlè, ó jáde. Fúnkẹ́ kàn tẹ bọ́tìnnì ṣáá ni. Kọ̀ǹpútà tàn! Àsánì kò sí níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Kí ló wá yàtọ̀? Ó wo kẹ́ẹ̀gì òfìfo náà. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó pọn omi kún kẹ́ẹ̀gì, ó gbé e padà, ó tẹ bọ́tìnnì. Kò dún. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì kúrò, ó tún un tẹ̀, ó tàn.

Ó tú ìdérí. Ojú rẹ̀ là. Bí omi bá pọ̀, ìdérí á tẹ bọ́ọ̀dù mọ́lẹ̀, igun tí kò lẹ́sẹ̀ á kan irin, iná á sì gé. Bí wọ́n bá ń lọ Àlàbá, ta ni yóò gbé kẹ́ẹ̀gì dání?

Ó sáré jáde láìwọ bàtà, ó bọ́ sínú ọkọ̀ Àlàbá. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ìyá ti jókòó, ó ń dúró kí ọ̀gá dá oníbàárà kan lóhùn tán. Fúnkẹ́ kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

“Màámi, irọ́ ni mo pa. Èmi ni mo tò ó. Ẹsẹ̀ kan kù tí mi ò fi sí i, mo sì sọ fún Àsánì pé ó ti pé.”

Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì. Ìyá wo Àsánì tí kò tilẹ̀ mọ ohun tí wọ́n torí rẹ̀ wá. Ó bọ́ gèlè lórí, ó fi nu ojú.

“Àsánì, forí jì mí,” ni ó wí. “Díẹ̀ ló kù kí n fẹnu mi ba ayé rẹ jẹ́.”

Àsánì ní kò sí wàhálà, ó wá ẹsẹ̀ idẹ kan nínú agolo, ó fi lé Fúnkẹ́ lọ́wọ́. Ojú ti ọmọbìnrin náà gan-an, ṣùgbọ́n ara tù ú pẹ̀sẹ̀.

Ní Sátidé, Àsánì kúnlẹ̀ láàárín àwọn àgbà. Ọ̀gá béèrè, gẹ́gẹ́ bí àṣà iṣẹ́ wọn, bóyá ẹnikẹ́ni ní ẹ̀sùn kan sí ọmọ yìí. Ẹ̀sùn kankan kò sí, ọ̀gá sì fún un ní fírídọ̀mù rẹ̀. Fúnkẹ́ mí kanlẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àṣìṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ó ní àtúnṣe. Irọ́ tí a bá fi bò ó ló máa ń lọ já lé orí ẹni tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀. Ẹ tètè jẹ́wọ́, kó tó di pé ẹlòmíràn jìyà yín.