Omi Inú Ẹ́ńjìnnì

Málọmọ́ ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì gbé etí lé irin náà. Bí Múítì ṣe kọ́kọ́ rí i nìyẹn: ọmọbìnrin kan tí òyìlì kun ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, tó di ojú, tó ń fetí sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń sọ àṣírí fún. Ọyẹ́ ti bo adágún Nangbéto. Òdìkejì kò hàn mọ́. Kìkì àwọn igi gbígbẹ tó yọrí nínú omi ló dúró níbẹ̀ bí èrò tó ń retí ọkọ̀.

Ọjà Atakpamé ni Múítì ti ń ta ohun èlò ẹ́ńjìnnì. Òyìlì tí Málọmọ́ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ ló gbé wá. Ó kí i kú iṣẹ́, ó sì bi í ohun tó ń gbọ́.

“Omi ni,” Málọmọ́ dáhùn. “Ẹ̀yin náà ẹ gbé etí lé e.”

Múítì gbé etí lé e. Omi ń ró lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ìró omi náà, ó gbọ́ ẹni tó ń gún nǹkan nínú odó, jẹ́jẹ́, láti ọ̀nà jíjìn. Ó yára gbé orí kúrò. Wọ́n ti pa ẹ́ńjìnnì náà láti ọjọ́ mẹ́ta.

“Ẹ gbọ́ ọ,” ni Málọmọ́ wí, kò rẹ́rìn-ín.

Abúlé àwọn baba Málọmọ́ wà lábẹ́ adágún náà láti ìgbà tí wọ́n ti sé odò Mono. Lọ́dọọdún, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí omi ń fà sẹ́yìn, àwọn ará ilé rẹ̀ a bu omi láti ojú ibi tí abúlé náà wà, wọn a dà á sínú ẹ́ńjìnnì, wọn a sì dí i pa, kí òùngbẹ má baà gbẹ àwọn òkú wọn títí òjò yóò fi dé. Ṣùgbọ́n omi tó bá dúró sínú irin fún oṣù mẹ́rin, jíjẹ ni yóò máa jẹ ẹ́. Ẹ́ńjìnnì méjì ló ti dípẹtà bẹ́ẹ̀ kí baba Málọmọ́ tó kú. Ẹ̀kẹta yìí ni ọmọbìnrin náà fi ń kó èrò àti iṣu kọjá. Òun ló fi ń jẹun. Omi ti ọdún yìí sì ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta.

Lọ́sẹ̀ kejì, Múítì mú àsẹ́ òyìlì wá. Lọ́sẹ̀ kẹta, kò mú nǹkan kan wá. Ó ní òun kàn wá wo ẹ́ńjìnnì ni.

“Ẹ̀yìn rẹ ni ẹ́ńjìnnì wà,” ni Málọmọ́ wí. “Èmi lò ń wò.”

Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti ṣe àdéhùn láti fẹ́ ara wọn. Igbẹ́kọ̀yí, ẹ̀gbọ́n baba Málọmọ́, tó ń bọ òrìṣà ilé wọn, kò bínú pé Mùsùlùmí ni Múítì. Ohun tó dùn ún ni pé Málọmọ́ fẹ́ tú omi ẹ́ńjìnnì náà dànù. Ó ní bó bá da àwọn baba rẹ̀ sílẹ̀, kó wá ẹlòmíràn tí yóò fà á lé ọkọ lọ́wọ́.

Málọmọ́ sunkún. Múítì jókòó tì í.

“A ò ní dà á nù, olólùfẹ́ mi,” ni ó wí. “Ìkòkò la ó fi gbà á, a ó sì gbé e lé Bàbá Igbẹ́kọ̀yí lọ́wọ́.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lórí ilẹ̀ gbígbẹ tí omi ti fà kúrò lábẹ́ ọkọ̀ náà, Málọmọ́ tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Nǹkan kan kò jáde. Ó ki wáyà bọ inú ihò náà, ó yọ ẹrẹ̀ tó dí i, omi sì tú jáde.

Ẹ́ńjìnnì náà kò lè gbà ju lítà mẹ́fà lọ. Málọmọ́ mọ̀ ọ́n, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ara rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà inú rẹ̀. Ìkòkò tó ń gba lítà mẹ́wàá kún. Ìkejì kún. Omi náà tutù ju ọyẹ́ lọ, ó sì ń rùn bí èéfín igi, bí ilé ìdáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá iná sí. Múítì di ọwọ́ Málọmọ́ mú.

Igbẹ́kọ̀yí, tó ti jókòó lókèèrè tó kẹ̀yìn sí wọn, dìde. Òun ló gbé ìkòkò kẹta sábẹ́ omi. Bó ṣe ń kún ni ètè rẹ̀ ń mì, bí ẹni tó ń ka orúkọ. Nígbà tí ẹ̀kán ìkẹyìn bọ́, ó jókòó sílẹ̀ nínú iyanrìn.

“Ibẹ̀ ti há mọ́ àwọn baba wa,” ni ó wí. “A rò pé omi là ń fún wọn. Inú irin la tì wọ́n mọ́.”

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ru ìkòkò lọ sí etí adágún, wọ́n sì da omi náà padà. Lẹ́yìn náà ni Málọmọ́ fi omi mímọ́ ṣan ẹ́ńjìnnì, ó jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ó kán òyìlì sínú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ yí i kí òyìlì náà lè kan gbogbo ara irin. Ó tú wáyà bátìrì. Ó fi àkísà tó ti mu òyìlì dí ẹnu páìpù èéfín. Sípánà tí Málọmọ́ kò béèrè ni Múítì ń nà sí i ní gbogbo ìgbà, ó ní ojú òun kò kúrò lára rẹ̀ ni.

Òjò dé lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, omi sì wá bá ọkọ̀ náà níbi tó wà. Málọmọ́, pẹ̀lú aṣọ ìyàwó lọ́rùn, yọ àkísà, ó so bátìrì, ó sì yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ́ńjìnnì dáhùn. Omi tó ń jáde lẹ́yìn rẹ̀ mọ́ gaara, kò ní ìpẹtà kankan.

Igbẹ́kọ̀yí, tí yóò fa ìyàwó lé ẹbí ọkọ lọ́wọ́ ní òdìkejì, ti jókòó níwájú ọkọ̀. Ó na ọwọ́ sí Múítì.

“Àna mi, wọlé. Wá jókòó ti ìyàwó rẹ.”

Àwọn mẹ́ta péré ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí Málọmọ́ ṣe kọ orí ọkọ̀ sí òdìkejì, ọkọ̀ náà rọra rì sísàlẹ̀, bí ọkọ̀ ọjọ́ ọjà tí èrò kún bámú. Múítì sún mọ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì fi àyè sílẹ̀ lórí pákó fún àwọn tí wọn kò rí.