Ẹyẹ Tí Kò Lè Dá Jẹun

Iyanrìn funfun ni Jacomina opó Jan fi ń fọ ìloro ilé rẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé tí akéde wọ Òpópó Àwọ̀n ní ìlú Vlissingen. Ọdún 1672 ni, ọdún tí ọba Faransé àti ọba Gẹ̀ẹ́sì para pọ̀ gbógun ti ilẹ̀ Dọ́ọ̀ṣì, tí àwọn àgbà ibẹ̀ kì í sì í dárúkọ títí dòní láìmí kanlẹ̀. Akéde wọ ẹ̀wù dúdú, ọrùn ẹ̀wù náà funfun báláú. Ó lu agogo idẹ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tú ìwé, ó sì ń ka orúkọ àwọn tí ìbò mú: ọkùnrin kan láti òpópó kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n múra láti wọ ọkọ̀ ogun ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí omi òkun bá ń fà.

"Òpópó Àwọ̀n," ni akéde wí. "Krijn, ọmọ Jan."

Búrọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ Jacomina. Òkun ti gbé ọkọ rẹ̀, ó ti gbé àkọ́bí rẹ̀. Krijn nìkan ló kù, ẹni ọdún méjìlélógún, tí ìyá rẹ̀ sì ti fi sẹ́nu iṣẹ́ búrẹ́dì láti kékeré kí ọ̀rọ̀ òun àti omi iyọ̀ má baà pa pọ̀ láé. Ìyẹ̀fun ló yẹ kó wà lọ́wọ́ ọmọ yẹn, kì í ṣe ìbọn. Jacomina kò sunkún. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó wọ yẹ̀rì dúdú tó fi ń lọ sí ìsìn, ó di gèlè funfun rẹ̀ mọ́rí, ó sì gba ilé Verdonck lọ, akọ̀wé tí ìwé àwọn orúkọ wọ̀nyẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyàwó akọ̀wé ló bá nílé.

"Ẹ kú ilé o, Ìyáàfin Verdonck."

"Ìyá Krijn, mo ti mọ ohun tó gbé ẹ wá. Má wulẹ̀ kúnlẹ̀, ilẹ̀ tutù." Ìyáàfin náà tún ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ ṣe. "Wọ́n ní àbúrò rẹ atukọ̀ mú ọmọ odídẹrẹ́ kan bọ̀ láti etí òkun Guinea. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Ìyáàfin."

"Méjì ni mo ti rà. Èkíní kú lọ́jọ́ kẹrin, èkejì kú lọ́jọ́ kẹta. Àwọn ìyàwó ọlọ́lá tó kù ní ìlú yìí ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Mi ò fẹ́ òkú ẹyẹ mọ́. Gbé e wá lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Bí mo bá fi ojú ara mi rí i tó ń jẹ tó ń mu, Ọ̀gá, ọkọ mi, yóò fa ìlà lé orúkọ ọmọ rẹ."

"Bí kò bá jẹ ńkọ́, Ìyáàfin?"

"Nígbà náà, kí o bá Krijn di ẹrù rẹ̀."

Jacomina fi ẹnu ko ọwọ́ ìyáàfin náà. Ohun kan wà tó yẹ kó béèrè, àmọ́ kò béèrè é.

Ilé ọtí létí èbúté ló ti rí Lieven àbúrò rẹ̀. Ẹyẹ náà wà nínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀: ara rẹ̀ rí bí eérú, ìrù rẹ̀ pupa fòò, ojú rẹ̀ dúdú kirikiri bí ojú ọmọdé tí ìyá rẹ̀ gbàgbé sọ́jà.

"Ẹ rọra ṣe é o, ẹ̀gbọ́n mi," ni Lieven wí. "Ọmọ ọwọ́ ni. Kò tíì mọ̀ ọ́n fọ́ kóró fúnra rẹ̀."

"Kí ló ń jẹ?"

"Ó ń bá wa jẹun ni."

Ó fẹ́ sọ síwájú sí i, ṣùgbọ́n ọ̀gá ọkọ̀ rẹ̀ fọn fèrè, Lieven sì gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì di èrò ọkọ̀.

Ẹ má bú Jacomina fún ohun tó ṣe tẹ̀ lé e, gbogbo obìnrin rere tó wà ní òpópó yẹn ni ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá jẹ́ ti ìyáàfin kò gbọdọ̀ gbé inú èéfín ilé ìdáná. Ó fi ẹyẹ náà sínú àgò, ó gbé e sí yàrá iwájú, yàrá tí ẹsẹ̀ kan kì í wọ̀ bí kò ṣe pé òkú wà nílé tàbí oníwàásù ìjọ bẹ ilé wò. Níbẹ̀ ni àwo aláràbarà to ara wọn sí lára ògiri, tí ilẹ̀ ń dán, tí kò sí iná kan nínú ààrò. Ó fi ọṣẹ eérú fọ àgò ẹyẹ láàárọ̀, ó tún un fọ lọ́sàn-án, ó tún un fọ lálẹ́. Ó nu àwo idẹ kan títí tó fi rí ihò imú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ó wá gbé gbogbo ohun tí Lieven lè ní lọ́kàn síbẹ̀: búrẹ́dì funfun, bọ́tà, wàràkàṣì, ẹja oníyọ̀, àti bíà fúyẹ́fúyẹ́ nínú ife, nítorí ta ni yóò fún àlejò gidi ní omi lásán mu?

"Ìyá, àwa ń jẹ búrẹ́dì dúdú, ẹyẹ ń jẹ funfun," ni Krijn fi ṣàwàdà. "Ẹ jẹ́ kí n hu ìyẹ́ ná."

Jacomina kò rẹ́rìn-ín. Ẹyẹ náà kò fẹnu kan nǹkan kan. Bí ó bá ti rí ẹyẹ mìíràn tó ń wò ó láti inú àwo idẹ, a fẹ̀yìn rìn títí ìrù rẹ̀ yóò fi kan ọ̀pá àgò, a sì ki orí bọ apá. Ọjọ́ Àìkú kọjá bẹ́ẹ̀. Nínú ìsìn, oníwàásù ń sọ̀rọ̀, Jacomina ń fi ìka ka ọjọ́ tó kù sí Ọjọ́rú. Nígbà tó délé tó fọwọ́ kan àyà ẹyẹ náà, egungun rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ. Ní Mọ́ńdè, ẹ̀rù bà á débi tó fi fi ẹ̀yìn ṣíbí la àgógó rẹ̀, tó sì da bíà sí i. Bíà gba imú jáde. Ẹyẹ náà húkọ́, ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nà gbọọrọ. Jacomina gbé e mọ́ àyà, ó ń pe orúkọ Krijn mọ́ ọn lórí. Nígbà tó ṣe, ẹyẹ náà mí. Jacomina wá mọ̀ pé bí òun bá tún ràn án lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, òun yóò pa á.

Àárọ̀ Túsìdeè ni Leuntje, ìyàwó Wouter káfíńtà, kọjá wá láti òdìkejì òpópó. Gbogbo àdúgbò ló ń fi Leuntje ṣe yẹ̀yẹ́. Fèrèsé rẹ̀ ṣókùnkùn, adìyẹ rẹ̀ ń rìn lórí tábìlì, kò sì sí ẹni tó rí búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

"Ìyá Krijn, ṣé ilé rèé àbí ṣọ́ọ̀ṣì? Ẹ̀rù ń bà mí láti mí síbí."

"Bọ́ bàtà onígi yẹn síta, Leuntje."

"Mo ti bọ́ ọ. Ojú ẹ ti wọnú o. Kí ló ṣe ẹ́?"

Jacomina fi ẹyẹ hàn án. Ó ní ìyáàfin ńlá kan ló fẹ́ ẹ lọ́la, kò sì jẹun láti ọjọ́ kẹta. Ó fẹ́ sọ ìyókù, pé nítorí ìbò Krijn ni. Ó fi ìyẹn pa mọ́.

Leuntje wo ògiri, ó wo àwo, ó wo ààrò tútù. "Èmi Leuntje tí mo lè jẹ àgbá ẹja tán, bí o bá gbé mi sí yàrá yìí, ebi ló máa pa mí kú. Kí ni Lieven sọ?"

"Ó ní ó ń bá wọn jẹun. Kí ni à ń jẹ tí mi ò tíì fún un?"

Leuntje rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. "Yéè, Ìyá Krijn! Ṣé ó ní ó ń jẹ oúnjẹ wọn ni? Ó ní ó ń *bá wọn* jẹun! Wọ́n ń jókòó tì í! Adìyẹ mi kan kì í ṣa ọkà tí èkejì ò bá tíì bẹ̀rẹ̀. Gbé e, ó di ilé ìdáná. Krijn! Lọ pe Wouter wá fún mi, ní kó mú ọ̀bẹ ìgbẹ́gi rẹ̀ dání."

Wouter dé, ọkùnrin gíga tí èérún igi kún irùngbọ̀n rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́, ó fá etí ṣíbí onígi kan wọnú títí ó fi tẹ́ẹ́rẹ́ níwájú bí ẹnu ẹyẹ. Leuntje ti se ẹ̀kọ ọkà báálì tó ki, ó tọ́ ọ sí ètè ara rẹ̀.

"Bó bá gbóná, á bó o lọ́fun. Bó bá tutù, á tu ú dànù. Bí ara ọmọ ni kó ṣe. Ó yá, gbogbo wa, ẹ jẹun! Ẹ jẹ́ kó pariwo!"

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó yí iná ká, àgò wà láàárín wọn lórí àpótí. Kò sí ẹni tó wo ẹyẹ náà. Wouter ń fá àwo, ó ń pọ́n ètè lá bí ẹlẹ́dẹ̀, Krijn ń sín in jẹ. Jacomina ń kó ẹ̀kọ sẹ́nu bíi tiwọn. Ìrètí ti fẹ́ tán nígbà tí orí kan yọ lábẹ́ apá. Ẹyẹ náà wo Wouter. Ó wo Krijn. Ó na ọrùn, ó sì ké, ohùn gbígbẹ bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo.

"Ẹ má dákẹ́," ni Leuntje rọra wí. Ó fi ṣíbí kan igun àgógó rẹ̀. Ẹyẹ náà gbá a mú, ó ń gbọn orí sókè sódò, ẹ̀kọ ń wọlé, àpò ọ̀fun rẹ̀ sì ń wú díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ìyẹ́.

Nígbà tó jẹ ẹ́ tó, Leuntje ní kí wọ́n fún òun lómi.

"Bíà wà níbí," ni Jacomina wí.

"Bíà? Fún ọmọ ọwọ́? Omi òjò ni kí o bù wá, olówó bíà!" Ó ti ìka bọ omi, ó jẹ́ kó kán sí ṣóńṣó àgógó rẹ̀. Ẹyẹ náà yọ ahọ́n, ó tọ́ ọ, ó tẹ̀ lé ìka náà títí dénú àwo amọ̀, ó sì mu.

"Ọ̀gbẹ́ni yìí mọ oúnjẹ ju èmi lọ," ni Wouter wí. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àfi Jacomina tó ń sunkún.

Ní Ọjọ́rú, ó gbé ẹyẹ náà lọ sílé akọ̀wé. Ó bẹ ìyáàfin pé kí wọ́n má gbé e sí yàrá ọ̀ṣọ́, kí wọ́n sì jókòó tì í jẹ ẹ̀kọ. Ìyáàfin rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó jókòó, ó jẹ, ẹyẹ náà sì na ọrùn, ó jẹ. Ìyáàfin pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé ṣí ìwé rẹ̀, ó fa ìlà lé orúkọ Krijn. Àyà Jacomina tú pẹ̀sẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ márùn-ún. Kálámù kò kúrò lórí ìwé.

"Òpópó Àwọ̀n kò gbọdọ̀ ṣófo," ni akọ̀wé sọ fún ara rẹ̀. "Ta ni ìbò kejì mú? Wouter. Wouter káfíńtà."

Jacomina gbọ́ ọ kedere. Ó lè sọ̀rọ̀. Ó lè ní kí wọ́n dá ẹyẹ òun padà. Ó dúró títí tàdáwà fi gbẹ lórí orúkọ náà, ó kí wọn pé ó dàbọ̀, ó sì gba ẹ̀yìn ilé lọ sílé kí Leuntje má baà rí i.

Ní Ọjọ́bọ̀, Wouter wọ ọkọ̀ pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Òpópó Àwọ̀n kò gùn, gbogbo ènìyàn ibẹ̀ ló sì mọ òǹkà títí dé méjì. Wọ́n rí Krijn tó ń po ìyẹ̀fun, wọ́n rí Wouter tó ń lọ. Kò sí ẹni tó bi Jacomina léèrè ohunkóhun.

Ní oṣù kẹfà, ìbọn ńlá ń dún lójú òkun láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ láìsí òjò lójú ọ̀run. Àwọn ìyàwó dúró lórí odi òkun, wọ́n tẹjú mọ́ omi. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àwọn ọkọ̀ tó ṣẹ́ kù wọlé, akéde sì tún tú ìwé. Wọ́n ní iná ló jó ọkọ̀ tí Wouter wà nínú rẹ̀ dé ojú omi.

Leuntje jókòó sí ilé ìdáná rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kò jẹ, kò mu. Àwọn ará àdúgbò gbé oúnjẹ lọ, wọ́n gbé e bọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, Jacomina kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó se ẹ̀kọ ọkà báálì, ó tọ́ ọ sí ètè títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ bó ṣe yẹ, ó kọjá sí òdìkejì òpópó, ó sì jókòó tì í. Ó bu ṣíbí kan sẹ́nu ara rẹ̀. Ó ń dúró.

Leuntje kò gbé ojú sókè. "Ẹyẹ yẹn ńkọ́?" ló bi í. "Ṣé ó ń jẹun?"

"Ó ń jẹun," ni Jacomina dáhùn.

"Ó dáa." Leuntje rọra ti àwo ẹ̀kọ náà padà sọ́wọ́ rẹ̀. "Gbé e lọ sílé, Ìyá Krijn. Kí ìwọ àti ọmọ ẹ jọ jẹ ẹ́."