Ẹni Tí Gbénró Pè ní Sọ́mìlì

Ọjọ́ tí Nimotalahi kọ́kọ́ rí Gbénró, bàtà dúdú tó ń dán ló fi ń tẹ lẹ́búlẹ́bú igi ní sọ́mìlì Òkè-Sópẹ́n, ó kó ìwé ìbéèrè dání. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló rán an wá láti Ìbàdàn, kó wá mọ bí ọkàn àwọn òṣìṣẹ́ ṣe rí: ṣé wọ́n ń sùn dáadáa, ṣé ẹ̀rù ń bà wọ́n lẹ́nu iṣẹ́, ṣé ọ̀gá ń gbọ́ tiwọn.

“A dúpẹ́” ni gbogbo wọn ń dáhùn. Ó bi Hàmídù tó ń darí ayùn bóyá ìdààmú ọkàn ń bá a. Hàmídù ní kó lọ bi ìyàwó òun, nítorí ìyàwó náà ló ni ọkàn òun.

Nígbà tó kan Nimotalahi, tó ń kó lẹ́búlẹ́bú sínú àpò, ohùn Gbénró rọ̀. Ọmọbìnrin náà ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ó bi í pé ta ló máa ń bá jẹun níbi iṣẹ́.

“Yẹ̀kínì,” ni Nimotalahi wí.

Gbénró kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì kọjú sí àwọn yòókù. “Yẹ̀kínì dà? Yẹ̀kínì, ẹ̀yin ló kàn.”

Hàmídù pa ẹ̀rọ. Láti ọdún tó kọjá tí gẹdú ti yí lu Yẹ̀kínì, àfẹ́sọ́nà Nimotalahi, tó sì pa á, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ rẹ̀ sókè nínú ọgbà yẹn. Wọ́n ṣì ń fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lórí àga gbọọrọ tí wọ́n ti ń jẹun. Ẹ̀gbẹ́ àyè náà ni Nimotalahi ń jókòó sí.

Atẹ́gùn fẹ́, ó gbé lẹ́búlẹ́bú dìde. Lójú Nimotalahi, ó dà bí ẹni pé ènìyàn kan dìde láti dáhùn.

Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún Gbénró, ó padà wá bẹ Nimotalahi. Nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ parí pàápàá, kò yéé wọ ọkọ̀ láti Ìbàdàn gba Àgọ́-Ìwòyè wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Ṣùgbọ́n bí Gbénró bá pè é ní olólùfẹ́ mi, Nimotalahi á rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan ń fetí sí wọn lẹ́yìn ògiri.

Asimawu, ìyá rẹ̀, kò fọwọ́ sí i. “Ọmọ Mẹ́tọ́díìsì ni, Mùsùlùmí sì ni wá; ìyẹn la lè jọ sọ. Ẹni tó pe òkú níbi tó kú sí ti jí i. Bàbá Yẹ̀kínì kò sì tíì fẹnu ara rẹ̀ tú ọ sílẹ̀. Ṣé ọkọ méjì lo fẹ́ ní?”

Gbénró àti Nimotalahi bá lọ sọ́dọ̀ Bàbá Àkànjí, tó bí Yẹ̀kínì. Gbénró dọ̀bálẹ̀. Bàbá wò ó títí.

“Wọ́n ní ò ń bi èèyàn bí ọkàn wọn ṣe rí. Èmi náà gé gẹdú títí mo fi di arúgbó. O ò bi mí.”

Gbénró kò mú ìwé kankan wá. Ó jókòó sílẹ̀.

“Bàbá, ṣé ẹ ń sùn?”

“N kì í sùn.”

“Kí ló ń dà yín láàmú?”

“Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba Yẹ̀kínì síṣẹ́ ní sọ́mìlì. Bí wọ́n bá kí mi kú ìrọ́jú, mo máa ń ní a dúpẹ́.” Ó bú sẹ́kún. Nimotalahi di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ó fi dákẹ́.

“Nimota, ọmọ mi, lọ fẹ́ ọkọ. Yẹ̀kínì, jẹ́ kó máa lọ.”

Lójú ọ̀nà, àwọn méjì péré ló ń padà, ṣùgbọ́n ìró ẹsẹ̀ ènìyàn mẹ́ta ni Nimotalahi ń gbọ́. Kò wẹ̀yìn. Ní oríta, ọ̀kan yà sí ọ̀nà sọ́mìlì, ó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́, títí kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Ó dúró níbẹ̀, ó sunkún dáadáa. Gbénró dúró tì í, kò bi í ní nǹkan kan.