Ìdìpọ̀ Àwọn Ọ̀gá

"Gbogbo wa ti pé síbi eré, ìwọ nìkan ló kù! Àbí páálí ìwé lo fẹ́ fi ṣọkọ ni?"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lórí fóònù. Ọ̀rọ̀-ò-pọ̀ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú.

Láti ìgbà tó ti ṣe ìdánwò àṣejáde tán ló ti wà ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé yunifásítì, òun àti ìwé, òun àti eruku. Ó ń to ìwé ìṣàkóso gbogbo àwọn ọ̀gá àgbà tó ti jẹ ní yunifásítì náà sínú páálí tuntun. Bí iṣẹ́ náà bá mọ́, wọn á gbà á síṣẹ́ títí èsì ìdánwò á fi jáde. Ìyá rẹ̀ wà lọ́nà jíjìn. Àǹtí tó gbà á sílé kì í tètè dé. Ló bá dá orin sílẹ̀ fúnra rẹ̀:

*Ìwé lọ́wọ́ mi, ìwé lẹ́sẹ̀ mi,*
*ta ni yóò bá mi sọ̀rọ̀?*
*Ìwé ò lẹ́nu, ìwé ò rẹ́rìn-ín,*
*ta ni yóò bá mi sọ̀rọ̀?*

Ìyá Fáìlì, obìnrin tó ń tọ́jú àwọn ìwé náà, ti kìlọ̀ fún un: "Má tú ìdìpọ̀ ọ̀gá kankan o, ọmọ mi. Bí ẹni tó ni ín ṣe dì í ni kó o ṣe gbé e sínú páálí. Ìwé mìíràn ò lórúkọ lára. Ìdìpọ̀ tó bá wà ló ń jẹ́ ká mọ bàbá rẹ̀."

Àmọ́ kíka ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan kí a tó kọ àkọlé sí i, iṣẹ́ ìgbín ni. Eré sì ń dùn níbi táwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Ọ̀rọ̀-ò-pọ̀ bá tú gbogbo okùn. Ó kó ìwé tó sọ̀rọ̀ òrùlé jọ sọ́tọ̀, ó kó èyí tó sọ̀rọ̀ ìwé rírà jọ sọ́tọ̀, láìwo ọ̀gá tó ni wọ́n, ó kọ àkọlé wéréwéré, ó fò jáde bí ẹyẹ.

Nígbà tí òun àti Ìyá Fáìlì padà síṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá àgbà tó wà lórí oyè lásìkò náà wọlé tọ̀ wọ́n wá. Àwọn kan fẹ́ ti yàrá ìkàwé mọ́ àwọn ọmọ àdúgbò, ó sì fẹ́ mọ ọ̀gá tó kọ́kọ́ ṣí i fún wọn, kó lè fi ṣe ẹ̀rí. Wọ́n rí ìwé tó pa á láṣẹ. Kò sórúkọ lára rẹ̀.

"Inú ìdìpọ̀ ta lo ti mú un?" ni Ìyá Fáìlì bi í. "Ọ̀rọ̀-ò-pọ̀, ẹnu rẹ wúwo lónìí ju ti àná lọ o!"

Ó kù díẹ̀ kí Ọ̀rọ̀-ò-pọ̀ dárúkọ ọ̀gá kan. Ta ni ì bá mọ̀? Àmọ́ ó wo ìwé náà, ó rí i bí ọmọ tó sọ nù sọ́jà.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, mo tú wọn. Mo fẹ́ tètè lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ mi ni. Mi ò mọ ẹni tó ni ín."

Ọ̀gá àgbà mí kanlẹ̀. "Òtítọ́ rẹ gbà wá lọ́wọ́ irọ́, ọmọ yìí. Kò gbà wá lọ́wọ́ wàhálà."

Wọn ò gbà á síṣẹ́ mọ́. Síbẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kó tún un ṣe. Òun àti Ìyá Fáìlì ń fi àpá okùn lára ìwé àti ìrísí ọwọ́ ìkọ̀wé wá ilé fún ìwé kọ̀ọ̀kan. Púpọ̀ padà sílé. Ìwé tó ṣí yàrá fún àwọn ọmọ àdúgbò kò rílé lọ rárá. Páálí kékeré kan ni wọ́n fi í sí, òun nìkan.

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìdánìkanwà le lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá torí kó lè bọ́ nínú rẹ̀ ba iṣẹ́ tí a fi lé e lọ́wọ́ jẹ́, yóò sọ ẹlòmíràn di ẹni tó dá wà, bí ìwé inú páálí kékeré yẹn.